Kí ẹ tó kọ "Limited" sára sáínbọ́ọ̀dù yín: ibi tí gbèsè parí sí àti ibi tí ẹ̀wọ̀n ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé tí èèyàn bá ti gba sàtífíkéètì lọ́wọ́ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tó wá kọ "Limited" gàdàgbà sára sáínbọ́ọ̀dù, ó ti bọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè mú un mọ́, gbèsè wo, ẹjọ́ wo, kọ́ńpìnì ló jẹ ẹ́, kì í ṣe èmi. Àwọn kan tún wà lódìkejì tí wọn ò rí oorun sùn torí pé wọ́n jẹ kọ́sítọ́mà lówó, gbogbo mọ́tò tó bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá ni lójú wọn. Tọ̀tún tòsì ló ṣì í. Kọ́ńpìnì lè gba ilé yín sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi lu jìbìtì, kò lè gba ẹ̀yin fúnra yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Gbèsè lásán náà ò sì sọ èèyàn di ọ̀daràn. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín díẹ̀díẹ̀, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń yan irú ìwé tẹ́ ẹ máa gbà títí dé ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá ránṣẹ́ pè yín, Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́.

Òfin Nàìjíríà ni mò ń sọ o, ti apá Gúúsù jù lọ. Tó bá di ìwé òfin tó ka ìwà ọ̀daràn sílẹ̀, àwọn ará òkè Ọya ń lo Penal Code, àwa níbí Criminal Code là ń lò, Èkó sì ti ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti 2011. Ẹni tó bá ti wà ní téṣàn bó ṣe ń ka èyí, kó fo gbogbo rẹ̀ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹfà, kó sì wá lọ́yà kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ lójú òfin

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnì ni CAMA 2020, Ààrẹ Buhari ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, òun ló rọ́pò ti 1990. Ọ̀nà tí òfin yẹn là sílẹ̀ pọ̀, àmọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tọ̀.

Ọ̀kan ni business name. Òun ló rọrùn jù, owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì tó fún télọ̀, ìyá olóúnjẹ, oní-POS, ẹni tó ń dirun. Ẹ ó ní orúkọ, ẹ ó ní nọ́ńbà BN, báńkì á ṣí àkáǹtì fún yín lórúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹ̀yin àti ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹnì kan náà ni yín. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, ó gba ọjà ₦8 mílíọ̀nù láwìn, iná wá jó ọjà náà kí ó tó tà á. Olówó rẹ̀ lè pè é lẹ́jọ́, tí olówó bá sì jàre, mọ́tò tó fi ń gbọ́mọ lọ síléèwé, ilẹ̀ tó rà sí ìta ìlú, owó tó ń tọ́jú sí àkáǹtì ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kọ́ọ̀tù lè ní kí wọ́n fi san gbèsè náà. Kò sí ògiri kankan láàárín ìyá àti ìsọ̀ rẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lẹ jọ forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wàhálà ibẹ̀ tún lé. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín bá rà láwìn nítorí iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò sí nílùú lọ́jọ́ náà. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, nítorí náà ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: ta ló mú èló wá, báwo lẹ ṣe máa pín èrè, ta ló lè fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá fẹ́ jáde tàbí tó kú. CAMA 2020 ti gbé irú àjọṣe kan wá tí wọ́n ń pè ní LLP (Limited Liability Partnership), níbi tí àjọṣe náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ tí gbèsè rẹ̀ ò sì ní máa wọlé tọ àwọn alájọṣe lọ. Fún àwọn lọ́yà, akáǹtáǹtì àti àwọn tó ń ya àwòrán ilé, èmi á ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìkejì ni kọ́ńpìnì Limited. Ibí ni ògiri ti wà. Bàbá kan wà ní London tó ń jẹ́ Aron Salomon, bàtà aláwọ ló ń ṣe, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnì, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn márùn-ún ló jọ ní ìpín (shares) níbẹ̀ torí èèyàn méje ni òfin ìgbà yẹn ń béèrè. Kọ́ńpìnì kógbá sílé, àwọn tí kọ́ńpìnì jẹ lówó ní bàbá yìí ni àwọn máa mú. Ní 1897 ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní rárá o, kọ́ńpìnì lọ́tọ̀, Salomon lọ́tọ̀. Orí ẹjọ́ yẹn ni gbogbo kọ́ńpìnì tiwa náà dúró lé títí dòní. Kọ́ńpìnì lè ra ilẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà lẹ́jọ́, tẹ́ ẹ bá sì kú, kọ́ńpìnì ò bá yín kú.

Tẹ́lẹ̀ èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi máa ń kọ orúkọ ìyàwó tàbí àbúrò mọ́ ọn láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Láti 2020 ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnì aládàáni sílẹ̀, tó bá sì jẹ́ kọ́ńpìnì kékeré, dáírẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ti tó. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ìpín tí wọ́n pín síta ò gbọ́dọ̀ dín ní ₦100,000, àwọn tó ní ìpín ò sì gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. (Ti kọ́ńpìnì ńlá tí gbogbo ará ìlú lè rà nínú ìpín rẹ̀, ìyẹn PLC, ₦2 mílíọ̀nù ni, ìyẹn ò kàn wá lónìí.)

Kí ni ààbò yẹn gan-an? Tẹ́ ẹ bá gba ìpín 100,000 ní náírà kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ₦40,000 péré lẹ ti san níbẹ̀, ọjọ́ tí kọ́ńpìnì bá wọlẹ̀ wọ́n lè béèrè ₦60,000 tó kù lọ́wọ́ yín, ó tán síbẹ̀. Wọn ò lè torí gbèsè kọ́ńpìnì wá gbé firíìjì yín. Àyàfi ohun kan tí báńkì kì í pariwo rẹ̀: tẹ́ ẹ bá lọ yáwó fún kọ́ńpìnì, wọ́n máa kó ìwé kan sáàárín àwọn ìwé tó kù pé ẹ̀yin fúnra yín dúró fún owó náà. Ẹ ti fọwọ́ ara yín wó ògiri náà nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ sí i o, nígbà míì kò sọ́nà míì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń ṣe nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ìlú àti ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé, tiwọn ni Incorporated Trustees, kò wà fún kéèyàn máa pín èrè.

Tó bá wá di fífi orúkọ sílẹ̀ gan-an, orí pọ́tà CAC ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ bóyá ẹlòmíì ti gbà á, tí wọ́n bá fi pamọ́ fún yín, ọjọ́ 60 lẹ ní kẹ́ ẹ fi parí ìyókù. NIN yín ní láti wà nílẹ̀, àdírẹ́sì tó dájú, orúkọ dáírẹ́kítọ̀, bí ìpín ṣe lọ. Ẹni tó bá ní tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, torí náà ẹni tó fẹ́ fi yín ṣe bojúbojú kí orúkọ tiẹ̀ má bàa jáde, ẹ bi í pé kí ló ń sá fún. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbàgbé ìwé ọdọọdún. Business name gbọ́dọ̀ ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ kó tó kọjá ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, àyàfi ọdún tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Kọ́ńpìnì náà ní tiẹ̀. Ẹni tó bá pa á tì, owó ìtanràn á máa gùn síra, CAC sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ohun kékeré kan kí n má gbàgbé: business name lẹ gbà, ẹ sì lọ kọ "Ltd" sára káàdì àti ìwé owó yín kó lè jọ ti ọ̀gá ńlá? Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ CAMA. Ẹ pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpò kọ́ńpìnì kì í ṣe àpò yín

Ibí ló ti ń bàjẹ́ jù, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa, inú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wa ti ń tọwọ́ bọ kọ́lọ́ láti fi ra ẹran ọbẹ̀ la ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó jẹ́ ìsọ̀ ìyá wa, kò sí wàhálà, owó rẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bá ti di Limited, owó tó wà nínú àkáǹtì yẹn ti di ti kọ́ńpìnì, kódà kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ní gbogbo ìpín. Criminal Code sọ ọ́ kedere pé dáírẹ́kítọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ àgbà tó bá jí ohun ìní kọ́ńpìnì, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló lè rí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó jí nǹkan lásán, ọdún 3 ni tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín, bóyá ẹnikẹ́ni ò ní fi yín sùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní alájọṣe, tàbí kọ́ńpìnì ti jẹ gbèsè tó ju agbára rẹ̀ lọ, ẹni tó máa fi yín sùn ò jìnnà.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò le. Àkáǹtì kọ́ńpìnì lọ́tọ̀, tiyín lọ́tọ̀. Ẹ fi owó oṣù kan lélẹ̀ fún ara yín, kó máa bọ́ sí àkáǹtì yín lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yá nínú owó kọ́ńpìnì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye rẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ yá a, ìgbà tẹ́ ẹ máa dá a padà, kí àwọn dáírẹ́kítọ̀ tó kù fọwọ́ sí i. Risíìtì, ìnífọ́ìsì, ẹ kó wọn pa mọ́. Ní kọ́ọ̀tù, ìwé lágbára ju "mo rántí pé" lọ.

Ẹ sì fọkàn sí owó àsansílẹ̀. Bí kọ́ńpìnì yín bá gba owó lọ́wọ́ èèyàn pé ẹ máa fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó, tàbí ẹ yá a nítorí nǹkan kan pàtó, ẹ wá fi ọgbọ́n jìbìtì kó o gba ibòmíì, CAMA ní kí wọ́n kọjá kọ́ńpìnì, kí wọ́n wá bá dáírẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ gba owó náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba àsansílẹ̀ ilé, àsansílẹ̀ Hájì, àsansílẹ̀ ẹran iléyá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tó ń sọ nǹkan di ọ̀daràn

Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kí èèyàn tó jẹ́ ọ̀daràn nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn: ohun tí òfin kọ̀ tó ṣe, àti èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ẹni tó gbé fóònù ẹlòmíì nítorí ó jọ tiẹ̀ tọkàntọkàn, tó sì dá a padà, kì í ṣe olè. Àṣìṣe nípa bí nǹkan ṣe rí lè gba èèyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n "mi ò mọ̀ pé òfin kọ̀ ọ́" ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ní 1961 ẹjọ́ kan wáyé nílẹ̀ wa níbí, Aoko àti Fagbemi, níbi tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ti dá obìnrin kan lẹ́bi ẹ̀sùn àgbèrè. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ gíga, ìyẹn High Court, wọ́n ní kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Gúúsù tó sọ àgbèrè di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, wọ́n sì wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Bí ìwà bá tiẹ̀ burú lójú ará àdúgbò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tutọ́, tí kò bá sí nínú òfin, kì í ṣe ọ̀daràn. Torí náà tẹ́nì kan bá fẹ́ mú yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: abẹ́ òfin wo?

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ló ní láti fi hàn pé ẹ ṣẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ ò ṣẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára débi pé kò ní sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání lọ́kàn adájọ́. Nínú ẹjọ́ gbèsè, ẹ̀rí ta ló wúwo jù ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè bọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn kó sì tún san owó nínú ẹjọ́ gbèsè lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbèsè rèé, jìbìtì rèé

Ìbéèrè kan ló máa ń là á: ọjọ́ tẹ́ ẹ gba owó yẹn, kí lẹ sọ, kí sì lẹ mọ̀?

Ẹ wo kántírákítọ̀ kan tó gba ₦3 mílíọ̀nù pé òun máa kan òrùlé. Ó ra páànù díẹ̀, ó ra pákó, owó ọjà fò sókè, owó tán, iṣẹ́ dúró sójú kan. Ó ti yẹ àdéhùn, ó sì jẹ gbèsè, kí wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù fún gbèsè. Ẹ wá wo èkejì tó gba iye kan náà, tó fi fọ́tò ilé tí ẹlòmíì kàn hàn pé iṣẹ́ òun ni, tó ní páànù ti wà ní wọ́ọ̀fù nígbà tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ páànù. Irọ́ nípa ohun tó wà nílẹ̀ ló fi gba owó. Jìbìtì nìyẹn, lábẹ́ òfin Advance Fee Fraud ti 2006 ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 7, ó lè dé 20, adájọ́ ò sì lágbára láti ní kó kàn san owó ìtanràn kó máa lọ.

Ṣé ẹ rí i pé ìlérí tí ò ṣeé ṣe mọ́ yàtọ̀ sí irọ́ tí wọ́n pa látilẹ̀? Tí nǹkan bá ti ń yí padà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè sọ fún kọ́sítọ́mà, ẹ sọ ọ́ lórí WhatsApp tàbí nínú lẹ́tà, ẹ dá díẹ̀ padà tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ẹni tó pa fóònù tó sì kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀ fún agbófinró.

Àwọn ibì kan wà tí ẹsẹ̀ oníṣòwò ti máa ń yọ̀ láìfura, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu bà wọ́n.

Sọ̀wédowó. Òfin sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí ti wà láti 1977. Tẹ́ ẹ bá fi sọ̀wédowó gba ọjà láwìn, tí báńkì dá a padà nítorí kò sówó, tó sì jẹ́ pé láàárín oṣù 3 ni wọ́n gbé e lọ, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni fún ẹni tó kọ ọ́, kò sí pé kó san owó dípò. Fún kọ́ńpìnì, owó ìtanràn tí kò dín ní ₦5,000. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, òfin náà ti pẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, torí òfin yẹn kan náà ní ọ̀nà tó fi ń dé ọ̀dọ̀ dáírẹ́kítọ̀ tó mọ̀ sí i. Ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé owó máa wà níbẹ̀ lè bọ́. Àṣà yẹn tí wọ́n á ní "ẹ kàn kọ sọ̀wédowó sílẹ̀ bí ìdúró, a ò ní gbé e lọ sí báńkì", ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ọjà olè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra fóònù àlòkù ní Computer Village n'Ìkẹjà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra irin àti wáyà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, Criminal Code sì gbà pẹ̀lú wọn: ọdún 3 ni fún ẹni tó jí nǹkan lásán, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i ni, ó lè tó ọdún 14. Ẹ béèrè risíìtì àti páálí rẹ̀, ẹ ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó tà á, tí iye tó ní kẹ́ ẹ san bá kéré débi tó ń yani lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ.

Àkáǹtì yíyá. Ẹnì kan á wá, ó ní owó kan fẹ́ wọlé láti òkè òkun, ti kọ́ńpìnì ni wọ́n ní kó jẹ́, kí ẹ bá òun gbà á, kẹ́ ẹ yọ ìdá 10 tiyín. Mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kí oníṣòwò gidi gbà. Owó jìbìtì tó bá gba àkáǹtì yín kọjá, orúkọ yín ni EFCC máa kọ́kọ́ rí. Lórí owó náà, ẹ rántí pé òfin 2022 lórí owó àìmọ́ ò gbà kí ẹnì kan gba owó tútù (káàṣì) tó ju ₦5 mílíọ̀nù lọ tàbí kó san án, ti kọ́ńpìnì jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá. Àpò gánà tó kún fún owó tẹ́ ẹ gbé lọ ra ilẹ̀ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tó san án àti ẹni tó gbà á.

Owó òṣìṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kì í ṣe owó yín, ẹ bá wọn dì í mú ni. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá á dá 10, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti san owó oṣù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ni wọ́n máa tì mọ́lé tí kọ́ńpìnì bá ṣẹ̀?

Kọ́ńpìnì ò ní ẹsẹ̀ tó lè gbé wọ ẹ̀wọ̀n. Wọ́n lè bù ú lówó ìtanràn, wọ́n lè gba dúkìá rẹ̀, wọ́n lè tì í pa. Ṣùgbọ́n kọ́ńpìnì ò lè ronú, àwọn tó ń darí rẹ̀ ló ń bá a ronú, ohun tí bọ́ọ̀dù tàbí MD bá ṣe nínú iṣẹ́ náà ni òfin ń kà sí ohun tí kọ́ńpìnì ṣe. Lẹ́yìn náà ni òfin á wá yíjú sí àwọn èèyàn náà fúnra wọn. Òfin jìbìtì ti 2006 yẹn sọ pé tí kọ́ńpìnì bá lu jìbìtì, tó sì hàn pé dáírẹ́kítọ̀, mánijà tàbí sẹ́kírítírì mọ̀ sí i, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òun náà jẹ̀bi pẹ̀lú kọ́ńpìnì. Kọ́ọ̀tù tún lè sọ pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ darí kọ́ńpìnì fún ìgbà kan tó lè tó ọdún 10.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó, àbúrò, ọ̀rẹ́, tí wọ́n kàn kọ orúkọ yín síbẹ̀ pé kó lè pé méjì, ẹ lọ wo ohun tí kọ́ńpìnì yẹn ń ṣe. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ kọ ìwé pé ẹ ti fipò sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ti yí i padà lọ́dọ̀ CAC, torí pé tí orúkọ yín bá ṣì wà lórí pọ́tà, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá, ẹ ó sì máa ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, "ọ̀gá ló ní kí n ṣe é" ò tó láti gba èèyàn sílẹ̀ tó bá mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tí ọlọ́pàá bá pè yín

Ẹ má sá. Ẹ má sì dá lọ. Ẹ mú lọ́yà dání, tí kò bá sí, ẹ sọ fún ará ilé orúkọ téṣàn náà àti orúkọ ọlọ́pàá tó pè yín. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Legal Aid Council, ní Èkó ọ́fíìsì Public Defender wà.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sọ àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ há sórí. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí tẹ́ ẹ ó fi bá lọ́yà yín tàbí ẹni tó wù yín sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, ní èdè tó yé yín, ìdí tí wọ́n fi mú yín. Tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé yín débẹ̀, ibòmíì ọjọ́ méjì tàbí bí kọ́ọ̀tù bá ṣe rí i pé ó tọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá mọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n mú yín lè fi bá wọn jà, torí náà ẹ jẹ́ kí ará ilé kọ ọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè lásán, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín rán wọn létí òfin ọlọ́pàá ti 2020, tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ torí yíyẹ àdéhùn nìkan mú ẹnikẹ́ni. Òfin ACJA ti 2015, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ bẹ́ẹ̀ náà, òun kan náà ló kọ̀ kí wọ́n mú ìyàwó dípò ọkọ tàbí màmá dípò ọmọ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ti ṣe irú rẹ̀ tiwọn.

Tó bá wá kan kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ibí ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ò kà tàbí tí wọn ò kà fún yín. Ẹ má ṣe kọ "mo gbà pé mo jẹ̀bi, mo sì máa san án lọ́jọ́ báyìí" torí kẹ́ ẹ lè tètè lọ sílé, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́. Béèlì ò sì gbọ́dọ̀ ná yín ní kọ́bọ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ògiri.

Ìgbésẹ̀ keje: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n jẹ lówó

Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè, àwọn adájọ́ ti sọ ọ́ títí ẹnu ń bó wọn. Ẹni tó bá fi gbèsè lásán mú èèyàn lọ sí téṣàn lè rí i pé onígbèsè ló padà pe òun lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó sì gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ òun. Tó bá jẹ́ jìbìtì gidi, bí mo ṣe là á sílẹ̀ lókè yẹn, ẹ fi sùn, kẹ́ ẹ kó ẹ̀rí irọ́ náà dání.

Fún gbèsè, ẹ kọ lẹ́tà sí onígbèsè, ẹ sọ iye rẹ̀, ọjọ́ tó jẹ ẹ́ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó san án. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnì ló jẹ yín, ẹ wo orúkọ rẹ̀ gan-an lórí pọ́tà CAC kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, torí ẹni tó pe MD lẹ́jọ́ fún gbèsè tí kọ́ńpìnì jẹ ti pe ẹni tí kò tọ́, ọ̀rọ̀ Salomon ọjọ́sí nìyẹn. Ní Èkó, tí owó náà ò bá ju ₦5 mílíọ̀nù lọ tí iye rẹ̀ sì dájú, kọ́ọ̀tù Small Claims ti wà láti 2018 lábẹ́ Májísíréètì, fọ́ọ̀mù lẹ́tà ìbéèrè owó wọn wà níbẹ̀, ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì fojú sùn láti fi parí rẹ̀. Ẹ kó ìnífọ́ìsì dání, ẹ̀rí pé ẹ fi lẹ́tà náà jíṣẹ́, àlàyé àkáǹtì báńkì, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tẹ́ ẹ ti tẹ̀ jáde sórí ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.